Ilé Tó Wọ́ Lórí Òkè Greenwich

Bí mo bá ń ti Èkó bọ̀ lọ́sàn-án, ọwọ́ ọ̀tún ni mo máa ń jókòó sí nínú bàálù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí wọ́n bá ní kí n sanwó lé e, màá san. Ìyàwó mi ní kò yàtọ̀ sí kéèyàn máa fowó ra atẹ́gùn, mi ò sì bá a jiyàn, torí ohun tí mò ń torí rẹ̀ sanwó kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan lójú èèyàn, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ìkùukùu ti bò ó mọ́ mi lójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá, ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni bàálù máa ń gbà wọlé sí Heathrow. Á ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5,000 nígbà yẹn. Òkè kékeré kan á yọ lábẹ́ apá rẹ̀, koríko yí i ká, ilé mélòó kan wà lórí rẹ̀. Ilé Ìwòràwọ̀ Ọba ti Greenwich nìyẹn. Ibẹ̀ ni ayé gbà pé kí ìlà òòró, ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù, ti máa bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni aago gbogbo wa ti ń ka iye wákàtí tó fi ṣáájú tàbí tó fi rẹ̀yìn.

Plumstead ni mò ń gbé, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Mo ti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, mo ti kó àwọn ọmọ lọ, mo ti dúró lórí irin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú àgbàlá, ẹsẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn ayé, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn, tí mo ya fọ́tò bí gbogbo èèyàn ṣe ń yà á. Àṣé mi ò tíì rí i. Òkè ni mo ti wá rí i pé ilé náà wọ́.

Oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni. Mo ń ti ilé bọ̀ níbi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, màá dé orí rẹ̀ tó bá yá. Màmá kan ló jókòó tì mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ sí Dagenham, òun ló ń lọ bá a wẹ ọmọ. Kò wọ bàálù rí. Ó ti àpò kan bọ abẹ́ ìjókòó, ó ní irú ló wà níbẹ̀, pé ọ̀rá mẹ́rin lòun fi wé e. Ọ̀rá mẹ́rin kò ran irú. Láti Èkó títí a fi ré Sàhárà kọjá ni òórùn rẹ̀ ń bá wa kẹ́gbẹ́, àwọn kan ń yínmú, èmi ń rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, kí lò ń na ọrùn wò bẹ́ẹ̀?”

“Ibì kan ni mò ń wá, mà.”

“Nínú gbogbo ibi tó lọ salalu yìí?”

Odò lèèyàn máa ń kọ́kọ́ dá mọ̀. Thames kì í lọ gbọọrọ lágbègbè yẹn, ṣe ló ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Níbi ìlọ́po kan ni O2 wà, òrùlé funfun roboto tí òpó 12 aláwọ̀ ìyeyè gún jáde lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn kò lè ṣìnà mọ́. Kó fojú fà á wá sí gúúsù díẹ̀, kó wá koríko. Blackheath nìyẹn, pẹrẹsẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Ọgbà Greenwich lẹ́yìn rẹ̀, éékà 183, tí wọ́n ti ṣọgbà yí ká láti ọ̀rúndún 15. Láàárín ọgbà náà, ọ̀nà kan tó gún régé láti Blackheath lọ já sí ṣóńṣó òkè, igi lọ́tùn-ún, igi lósì. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, ère Ọ̀gágun Wolfe ló dúró síbẹ̀. Bí ojú bá tún tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀, ó di ilé funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní Queen's House nísàlẹ̀ òkè, ó tún di àlàfo láàárín ilé olórí roboto méjì tó jẹ́ ti àwọn ológun ojú omi tẹ́lẹ̀, ó wá di odò. Àfi bí ìgbà tí wọ́n na okùn láti Blackheath dé etí omi, tí wọ́n tò gbogbo rẹ̀ sórí okùn náà.

Ilé ìwòràwọ̀ kò sí lórí okùn yìí. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn ère, bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé tó wá dúró sí ẹ̀bá ògiri. Ẹ ó rí òrùlé kan tó rí bí àlùbọ́sà, awò awọ̀nàjíjìn ńlá ló wà nínú rẹ̀, ojú awò náà fẹ̀ tó íǹṣì 28, ọdún 1893 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ẹ ó rí ilé gbọọrọ kan tí ìlà òòró gbà àárín rẹ̀ kọjá, ó kọjú sí àríwá gangan. Ẹ ó sì rí ilé àtijọ́, èyí tó jẹ́ ìyá gbogbo wọn, tí bọ́ọ̀lù pupa kan wà lórí rẹ̀. Ìyẹn kò kọjú síbi tí àwọn yòókù kọjú sí. Ṣe ló fi ẹ̀gbẹ́ kọ wọ́n. Téèyàn bá wà nílẹ̀, ògiri àti igi àti èrò ò ní jẹ́ kó mọ̀. Látòkè, ó hàn bí ìgbà tí ọmọdé to páálí ìṣáná tí ọ̀kan sì yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Lọ́dún 1675, Ọba Charles Kejì fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, torí àwọn atukọ̀ rẹ̀ ń sọnù lójú òkun. Atukọ̀ lè fi oòrùn mọ bí òun ṣe jìnnà sí àríwá tó, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe jìnnà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ilé tó, àfi kó gbójú lé kádàrá. Ọba yan awòràwọ̀ kan, John Flamsteed, ó ní kí wọ́n kọ́lé fún un. Owó ló kù. Pọ́n-ùn 500 ni wọ́n yà sọ́tọ̀, ibi tí wọ́n sì ti rí i ni pé wọ́n ta ẹ̀tù ìbọn tó ti bàjẹ́. Bíríkì tó ṣẹ́ kù ní odi Tilbury ni wọ́n kó wá, igi àti irin àti òjé wá láti ara ẹnubodè kan tí wọ́n wó ní Tower ti Lọ́ńdọ̀nù. Christopher Wren, ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul, ló ya àwòrán ilé náà, Robert Hooke sì bá a ṣiṣẹ́. Nítorí àtiṣọ́wó ná, wọn ò gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun. Ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan ti wà lórí òkè náà, wọ́n bá kọ́ ti wọn lé ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ yẹn kò kọjú sí àríwá. Dígírì 13 ló fi yẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra ilé àkọ́kù ní Ìbàdàn mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí. Yàrá tó lẹ́wà jù nínú ilé náà, yàrá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́jọ tí fèrèsé rẹ̀ ga gogoro, kò wúlò fún iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, torí ẹni tó bá máa wọn ìràwọ̀ bó ṣe yẹ, ògiri tó kọjú sí àríwá àti gúúsù ló ń wá. Inú ahéré kan ní ẹ̀yìnkùlé ni Flamsteed ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Pọ́n-ùn 100 ni wọ́n ń san fún un lọ́dún, òun ló sì ń wá irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 1719, ìyàwó rẹ̀ kó gbogbo irinṣẹ́ náà lọ. Edmond Halley, ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bá ilé lófìfo. Mi ò dá obìnrin yẹn lẹ́bi.

Òṣìṣẹ́ Greenwich kan wà tó fẹ́ lọ wo ayé látòkè kí bàálù tó dé. James Glaisher, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ níbẹ̀, gun bàlúùnù pẹ̀lú Henry Coxwell ní Wolverhampton ní September 5, 1862. Wọ́n ga kọjá ibi tí èémí tó èèyàn. Glaisher dákú. Òtútù ti mú ọwọ́ Coxwell débi pé kò ràn án mọ́, eyín ló fi fa okùn tó ń tú afẹ́fẹ́ inú bàlúùnù sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni Glaisher ta jí, ó sì ń bá àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ kiri fún wa.

Mo fi ìka han Màmá. “Ibẹ̀ yẹn, mà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka aago gbogbo ayé.”

Ó fara tì mí, ó yọjú. Ó fi ọwọ́ ṣíjú.

“Èyí tó kéré yìí?”

“Òun náà ni, mà.”

“Ta ló ní kó jẹ́ ibẹ̀?”

Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rí i pé ìdáhùn náà gùn ju ibi tó kù ká balẹ̀ lọ. Mo ní, “Ìpàdé ni wọ́n ṣe, mà.”

“Wọ́n pè wá síbẹ̀?”

“Wọn ò pè wá, mà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Ó padà jókòó dáadáa.

Washington ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, ní October 1884. Aṣojú orílẹ̀-èdè 25 ló dìbò: 22 ní kó jẹ́ Greenwich, ọ̀kan kọ̀, Faransé àti Brazil ò dá sí i. Liberia nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe pé Greenwich dára ju ibòmíràn lọ. Àwọn atukọ̀ ti ń lo àwòrán òkun tí wọ́n yà láti Greenwich, ọkọ̀ tó pọ̀ jù lójú òkun ló sì ń tẹ̀ lé e, wọ́n wá ní kí wọ́n kúkú fi òǹtẹ̀ lù ú. Oṣù tó tẹ̀ lé e, November 1884, ni ìpàdé míràn bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, èyí tí wọ́n ti jókòó lé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lórí. Wọn ò pè wá sí ìyẹn náà. Àwọn Faransé ní tiwọn bínú. Paris ni wọ́n ń lò títí di 1911, nígbà tí wọ́n sì máa juwọ́ sílẹ̀, òfin wọn ò dárúkọ Greenwich. Ohun tí wọ́n kọ ni pé aago Faransé jẹ́ aago Paris tí a dá padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 21. Ẹ ò rí i pé ìgbéraga náà ní ìṣirò nínú.

Ìlà yẹn gan-an gba ọ̀dọ̀ wa níhà ibẹ̀. Ó la Algeria, Mali àti Burkina Faso kọjá, ó kan orí Togo díẹ̀, ó wá gba Ghana já sókun ní Tema. Togo ń lo aago Greenwich láìfi nǹkan kan kún un. Benin fi wákàtí kan kún un bíi ti Nàìjíríà. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu ti Benin àti èyí tó wà ní Èkó jọ ń ka aago kan náà, ṣùgbọ́n àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé ní Togo, tí èdè wọn kò jìnnà sí tiwa, fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹni tó bá lọ kí àna rẹ̀ níbẹ̀ á kọ́kọ́ dé kó tó gbéra, tí ọ̀nà bá dáa.

Ó yẹ kí n sọ ti ilẹ̀ wàyí.

Bàbá mi ní oko kòkó kan nítòsí Ìkirè tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Pèrègún ni ààlà rẹ̀, bí ti gbogbo oko ayé ìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá, ó ri òpó kọnkéré mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lórí, ó fún bàbá mi ní ìwé. Bàbá mi ṣaláìsí, ọmọ àwọn aládùúgbò oko wá mú fóònù jáde. Ó ti ka nọ́ńbà tó wà nínú ìwé wa, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, fóònù sì mú un lọ sí ìdí ọ̀pẹ kan tó jìnnà sí òpó wa. Ó ní a ti jí òpó gbé, pé inú ilẹ̀ àwọn la ti ń ká kòkó láti ìgbà yìí wá. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ẹ̀wù.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tuntun tí a gbà kì í ṣe aláriwo. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó fi igi ya nǹkan sílẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà láyé àtijọ́, ibì kan ní Minna ni wọ́n fi ṣe ibi tí gbogbo ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé bàbá wa ti ń kà á. Fóònù kò mọ Minna. Sátẹ́láìtì lójú ọ̀run ló ń kà á fún un, àwọn yẹn sì ní ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe gbà pé ayé ṣe rí roboto. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà ti Minna, tó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù bẹ́ẹ̀ láìyí i padà, á ṣìnà ní ọ̀pọ̀ mítà. “Ìwé ò purọ́,” ó ní, “fóònù náà ò purọ́. Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n pọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.”

Ọmọkùnrin náà ò gbà. Bàbá rẹ̀ àgbà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gbé e wá lórí ọ̀kadà, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò kékeré ibẹ̀. Ó fi ọ̀pá tú ewé. Kùkùté pèrègún kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gé láìmọye ìgbà, ó tún ti hu ewé mẹ́ta jáde. Òpó wa kò ju ìgbésẹ̀ méjì sí i lọ. Bàbá náà ní, “Èmi àti bàbá wọn la jọ gbìn ín.” Ó bá tán.

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo rí ilé tó wọ́ yẹn. Torí pé Greenwich pàápàá kò lè bọ́ nínú irú ẹjọ́ yìí. Ẹni tó bá dúró lórí irin inú àgbàlá náà kó mú fóònù rẹ̀ jáde. Kò ní rí òdo, nọ́ńbà tí wọ́n fún ìlà yẹn. Òdo ti fóònù wà ní mítà 102 sí ìlà-oòrùn, nínú koríko ọgbà, níbi tí kò sí irin, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò. George Airy, ọ̀gá ilé náà nígbà kan, ló fa ìlà orí irin náà. Ó ṣe awò kan tí kì í yí sọ́tùn-ún sósì, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ìgbà tí ìràwọ̀ bá kọjá lára okùn tín-ín-rín tó wà nínú ojú awò, òṣìṣẹ́ á kọ aago sílẹ̀, wọ́n á fi mọ àkókò. January 4, 1851 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Kí Airy lè mọ ibi tí òkè gangan wà, àwo mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, ló ń wò, torí mẹ́kúrì á tẹ́jú bí ilẹ̀ bá ṣe fà á. Ilẹ̀ Greenwich kò sì fa nǹkan sí ọ̀gangan àárín ayé, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Àárín ayé ni sátẹ́láìtì ń yí po ní tiwọn. Mítà 102 nìyẹn.

Airy fúnra rẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ fa ìlà níbẹ̀. Bí ọ̀gá tuntun bá ti dé, tó gbé irinṣẹ́ tuntun sí yàrá kejì, ìlà á bá a ṣí lọ. Ti James Bradley, ọ̀gá kan tó ti ṣáájú rẹ̀, fi nǹkan bíi mítà mẹ́fà wà ní ìwọ̀-oòrùn ti Airy, àwọn tó ń ya máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń bá ti Bradley lọ, wọn ò wẹ̀yìn. Ìdìbò Washington ni pèrègún ti Airy.

Ọdún 1851 yẹn ò ṣeé gbójú fò fún ọmọ Èkó. Ní ìparí ọdún kan náà, ní December, ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ lọ, tí wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Láti 1821 sì ni wọ́n ti fi aago àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi sí abẹ́ àbójútó Greenwich, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán wọn wò kí wọ́n tó gbé wọn sókun. Àwọn tó ń ka ìràwọ̀ lórí òkè náà kò mú ìbọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè wo bọ́ọ̀lù pupa orí òrùlé yẹn kí n má rántí pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe é fún. Láti 1833 ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 55 á gun òpó dé ìdajì, ní ìṣẹ́jú 58 á dé òkè pátápátá, ní aago kan gééré á já wálẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lórí Thames á fi tún aago rẹ̀ ṣe, á ta ìgbòkun.

Àwa náà ò tètè gbà. Oòrùn Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich, torí dígírì kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin. Títí di 1905, aago oòrùn yìí ni Èkó ń lò. Ní July 1 ọdún yẹn, ìjọba ní kó di ti Greenwich. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní July 1, 1908, wọ́n dá a padà sí ti oòrùn. Ní January 1, 1914, ọjọ́ tí wọ́n pa gúúsù àti àríwá pọ̀, wọ́n ní kó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú Greenwich. Ní September 1, 1919, wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún 14 ni wọ́n yí i. Ẹni tó ń wo òjìji rẹ̀ lóko lákòókò yẹn kò mọ̀ rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìyálẹ̀ta rẹ̀ ṣì jẹ́ ìyálẹ̀ta. Títí di òní, bí aago bá lu 12 l'Ékòó, ọ̀sán gangan ò tíì pé. Ó ṣì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 46.

Wọ́n á wá máa ní aláwọ̀ dúdú kì í pa àkókò mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan láàárín ìgboro. Bọ́ọ̀sì 53 ló ń gbé wa, láti Plumstead gba Woolwich, gba orí Blackheath kọjá, ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ̀ ọ́ mọ̀. Àwa nìkan ni. Ẹnu wa la fi ń mọ ara wa: Ìjẹ̀ṣà lókè, Èkìtì nísàlẹ̀, ará Ghana nítòsí ẹnu ọ̀nà, gbogbo wa ń sùn, orí ń gbá gíláàsì. Bí bọ́ọ̀sì bá kọjá lẹ́nu géètì ọgbà náà, mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ibẹ̀ ni aago tó ń lé mi kiri ti wá. Lọ́jọ́ kan mo pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Owó ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n yọ. Mo bi ọ̀gá wa ibi tí ìṣẹ́jú 12 yòókù lọ, ó ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á nìyẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn Greenwich kì í ṣe awòràwọ̀. Ruth Belville ni. Òṣìṣẹ́ ilé náà ni bàbá rẹ̀. Láti 1836 ni bàbá náà ti ń gbé àkókò kiri Lọ́ńdọ̀nù: á fi aago kan ṣe déédéé pẹ̀lú ti Greenwich, á gbé e lọ bá àwọn oníṣòwò aago, wọ́n á wò ó, wọ́n á fi tún tiwọn ṣe, wọ́n á sanwó. Nígbà tó kú lọ́dún 1856, ìyàwó rẹ̀ Maria gbà á ṣe. Lọ́dún 1892, Ruth bọ́ sípò ìyá rẹ̀. Aago tí John Arnold ṣe ni wọ́n ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ń pe aago náà ní Arnold bí ẹni pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni á gun òkè náà, wọ́n á yẹ Arnold wò, wọ́n á kọ ìwé fún un pé báyìí ló ṣe ń lọ, ó di ìsàlẹ̀, ó di ọkọ̀ ojú irin, ó di ilé oníbàárà. Wáyà tẹlifóònù ti dé, rédíò ti dé, Ruth ń polówó. Lọ́dún 1908, ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tó ń fi wáyà ta àkókò dúró lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ìwé ìròyìn gbé e. Ọjà Ruth kò bàjẹ́, ṣe ni wọ́n ń wá a kiri. Títí di 1940 ló ń tà á, nígbà tí bọ́ǹbù ogun kò jẹ́ kí àgbàlagbà máa rìn nígboro mọ́. Ìyá mi tó kiri aṣọ ní Gbági á mọ irú obìnrin yẹn láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Kò sí ohun tí ẹ kò lè gbé sórí àtẹ, tó bá ti jẹ́ pé ẹnìkan nílò rẹ̀ láàárọ̀.

Lára ògiri níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, aago kan wà tí Charles Shepherd ṣe, 1852 ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Wákàtí 24 ló wà lójú rẹ̀ dípò 12. Àwọn òyìnbó máa ń ti aago wọn síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ṣùgbọ́n aago yìí kì í bá wọn ṣe é. Ti Greenwich nìkan ló mọ̀, tẹ̀ẹ̀rùn tọ̀gìnnìtìn. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ mi dúró síwájú rẹ̀ nínú oṣù keje, ó wo fóònù mi, ó wò ó, ó ní, “Dádì, aago yìí ti bàjẹ́.” Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òun lójoojúmọ́.

Òkè náà ti wọ abẹ́ apá bàálù, a ò rí i mọ́. Ó di ilé, ó di ilé, ó di Thames lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní ká so bẹ́líìtì. Etí ń dí. Màmá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, aago wúrà kékeré kan tí okùn rẹ̀ ti há mọ́ ọn lọ́wọ́, ó nà án sí mi.

“Bá mi yí i sí aago tibí, ọmọ mi. Kí n má bàa pe àwọn ará ilé lóru.”

Mo wò ó. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo fóònù mi. Oṣù kẹfà la wà, wọ́n ti ti tiwọn síwájú.

“Kò sí ohun tí mo máa yí níbẹ̀, mà. Bákan náà ni tibí àti t'Èkó.”

“Láti àárọ̀ tá a ti ń fò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó gba aago náà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó dáadáa, ó sì gbé e sétí, ó ń gbọ́ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.